Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Akànṣẹ́ Tó Pé Mọ̀, àti Àwọn Tí Mo Kà Sí Ọ̀gá Láàárín Wọn

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún ọdún 1957, ní ìlú Chicago, Sugar Ray Robinson ń fà sẹ́yìn, Gene Fullmer sì ń lé e bọ̀. Ọdún mẹ́wàá ni Robinson fi ju Fullmer lọ. Fullmer lágbára, iṣẹ́ tó sì mọ̀ jù ni kó máa rọ́ wọlé kó má jẹ́ kí èèyàn mí. Oṣù mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà ló ti gba ìgbànú àgbáyé, àmì ọ̀gá àgbáyé, lọ́wọ́ Robinson lẹ́yìn abala (round) mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní abala karùn-ún ìjà kejì yìí, Robinson fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a ní ara. Ọwọ́ Fullmer rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Kó tó gbé e padà, ọwọ́ òsì Robinson ti yí wọlé, ó bá a ní àgbọ̀n. Ẹyọ ẹ̀ṣẹ́ kan. Adarí ìjà ka ení, èjì, títí dé ẹẹ́wàá, Fullmer kò dìde. Kò sí ẹni tó tíì ṣe é bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé kò sí ẹ̀ṣẹ́ tó dára tó ìyẹn rí. N kò ní bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú mi padà wò ó ni oṣù mẹ́rin tó ṣáájú rẹ̀. Nínú ìjà àkọ́kọ́, Fullmer há a mọ́, ó tì í kiri, kò jẹ́ kó ráyè na ọwọ́ bó ṣe fẹ́. Ilẹ̀kùn tí Robinson máa ń gbà wọlé ti tì. Robinson kò dúró síbẹ̀ kó máa kan ilẹ̀kùn kan náà. Ó lọ wá òmíràn.

Akànṣẹ́ tó pé nìyẹn lójú tèmi. Kò sí ẹni tó mọ gbogbo nǹkan ṣe dọ́gba, nítorí náà kì í ṣe ìyẹn ni mò ń wá. Ẹni tí mò ń wá ni ẹni tí wọ́n gba ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tí nǹkan ṣì kù fún un láti fi jà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tó bá ní ọ̀nà kan ṣoṣo, ọjọ́ tí wọ́n bá dí i ni ọjà rẹ̀ tú.

Bí ẹ bá fẹ́ràn ìjà ẹ̀ṣẹ́, tí ẹ sì fẹ́ fi ojú ara yín mọ ẹni tó pé yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n kàn ń pariwo orúkọ rẹ̀, bí mo ṣe ń ṣe é nìyí.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ yan ìjà mẹ́ta

Fídíò tí wọ́n gé pọ̀, tó jẹ́ kìkì ìgbà tí èèyàn ń ṣubú ni wọ́n fi hàn, kò lè kọ́ yín ní nǹkan kan. Kò sí akànṣẹ́ tí kì í dára nínú irú fídíò bẹ́ẹ̀. Ìjà mẹ́ta odindi ni kí ẹ wá fún ẹni tí ẹ bá fẹ́ wọ̀n: èyí tó borí láìlàágùn, èyí tó fi tipátipá borí, àti èyí tó pàdánù tàbí tó kù díẹ̀ kó pàdánù. Ẹ wò wọ́n láti agogo àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló máa sọ òótọ́ jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa ohùn. Mo ti wo ìjà kan rí tí mo búra pé lágbájá ló borí. Nígbà tí mo tún un wò láìgbọ́ ohùn àwọn asọ̀rọ̀, mo rí i pé ìdajì àwọn ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n ń hó lé lórí, apá àti ìbọ̀wọ́ ni wọ́n bà. Etí mi ló ti ń bá mi wo ìjà, kì í ṣe ojú. Láti ọjọ́ náà, ìgbà kejì tí mo bá ń wo ìjà ni mo tó máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀.

Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsùlù. Ẹ má ṣe fún un ní máàkì lórí mẹ́wàá. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí: “gbọọrọ ló ń fà sẹ́yìn”, “kì í gbá ikùn”, “ọwọ́ òsì rẹ̀ ń já wálẹ̀ bó bá rẹ̀ ẹ́”. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá wúlò ju máàkì èyíkéyìí lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ní abala méjì àkọ́kọ́, ẹ má wo ọwọ́ rárá. Ojú yóò fẹ́ gòkè, ẹ fà á wálẹ̀. Ohun tí ẹ ń wá ni pé lẹ́yìn tó ju ẹ̀ṣẹ́ tán, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀? Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bá tò sórí ìlà kan, tàbí tí wọ́n bá gba iwájú ara wọn kọjá, ẹ̀ṣẹ́ tí kò lágbára pàápàá lè gbé e jókòó. Ẹni tó mọ iṣẹ́ máa ń gbé ẹsẹ̀ tó sún mọ́ ibi tó ń lọ ṣáájú. Bó bá ń lọ sí òsì, ẹsẹ̀ òsì ló máa kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀, tọ̀tún á tẹ̀lé e, àlàfo àárín wọn kò sì ní yàtọ̀.

Ẹ wá wo bó ṣe ń jáde. Ọ̀pọ̀ ló mọ bí a ṣe ń wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn gbọọrọ ni wọ́n ń gbà jáde, ibẹ̀ sì ni ẹ̀ṣẹ́ ti ń bá wọn. Oleksandr Usyk kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tó wà níwájú máa ń wá ìta ẹsẹ̀ iwájú ẹni tó ń bá jà. Á ju ẹ̀ṣẹ́ méjì, á yà sí ẹ̀gbẹ́, nígbà tí onítọ̀hún bá fi máa dáhùn, afẹ́fẹ́ ló máa gbá. Vasiliy Lomachenko náà wà níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni olùkọ́ rẹ̀, òun ló sì ní kó fi ẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀ nígbà èwe kó lọ kọ́ ijó fún ọdún mélòó kan. Ó gba wúrà ní Òlíńpíìkì 2008 àti 2012, ó sì di ọ̀gá àgbáyé nínú ìjà kẹta péré tó jà lẹ́yìn tó di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ẹ wo bó ṣe máa ń yí ká èèyàn títí tí yóò fi dé ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀, ẹ ó rí ijó náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọwọ́ iwájú

Ẹ̀ṣẹ́ gbọọrọ tí ọwọ́ iwájú ń jù, tí wọ́n ń pè ní jab, kì í sábà gbé èèyàn ṣánlẹ̀, ìdí nìyẹn tí òǹwòran kì í fi í kà á sí. Bẹ́ẹ̀ òun ló ń wọn àlàfo, òun ló ń dí ojú alátakò, òun ló ń dá ẹni tó ń rọ́ bọ̀ dúró, òun náà ló ń ṣí ọ̀nà fún ọwọ́ ẹ̀yìn.

Ẹ wò ó bóyá ọ̀kan ló ní àbí ó ní oríṣiríṣi. Èyí tó yára, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo, wà fún dídí ojú. Òmíràn wà tó gbé gbogbo ara tì, tó ń ti orí padà sẹ́yìn. Òmíràn ń lọ sí ikùn. Òmíràn sì wà tó jẹ́ ẹ̀tàn: á nà á, kò ní jẹ́ kó dé, á kàn fẹ́ mọ ohun tí ẹnìkejì máa ṣe. Ẹni tó bá ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jìnnà nínú iṣẹ́ yìí.

Bí ẹ bá fẹ́ rí agbára jab ẹyọ kan, ẹ wo Buster Douglas àti Mike Tyson ní Tokyo, oṣù Kejì ọdún 1990. Kò sí ẹni tó tíì borí Tyson nígbà yẹn. Tyson kéré ní gíga, ó gbọ́dọ̀ kọjá ọwọ́ gígùn kó tó lè ṣiṣẹ́, Douglas kò sì jẹ́ kó kọjá. Jab lọ, jab bọ̀, ọ̀tún tẹ̀lé e. Tyson gbé Douglas ṣánlẹ̀ ní abala kẹjọ, Douglas dìde. Ní abala kẹwàá, Tyson ló wà nílẹ̀ tó ń wá ìbòyín rẹ̀ kiri. Ohun tó dùn mí nínú ìjà yẹn ni pé láti abala kẹta ni àtiwọlé ti nira fún Tyson, ó sì ń gbìyànjú ohun kan náà ṣá, ẹ̀ṣẹ́ ńlá kan, ẹ̀ṣẹ́ ńlá kan. Nígbà tó wà lọ́mọdé, tí orí rẹ̀ ṣì ń yí láìdúró, ó ní ọ̀nà púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ibo ni ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ń lọ?

Gbogbo akànṣẹ́ ló mọ orí gbá. Èyí tó ń ya àwọn tó pé sọ́tọ̀ ni ara. Orí máa ń sá, ara kì í sá. Ẹni tí wọ́n bá ń gbá ní ìhà láti abala kejì, tó bá fi máa di abala kẹsàn-án, ọwọ́ rẹ̀ ti wálẹ̀ láti dáàbò bo ìhà, àgbọ̀n rẹ̀ á sì wà níta.

Ẹ̀dọ̀ ni ibi tó burú jù. Ó wà lápá ọ̀tún, lábẹ́ ẹfọ́nhà, nítorí náà ọwọ́ òsì tó yí wọlé láti ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n ń pè ní hook, ló máa ń bá a. Bó bá bà á dáadáa, ọpọlọ á gbọ́, ẹsẹ̀ ò ní gbọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2004, Bernard Hopkins gbá Oscar De La Hoya níbẹ̀ ní abala kẹsàn-án. De La Hoya kò dákú, ojú rẹ̀ là. Ó ń fi ìbọ̀wọ́ lu ilẹ̀ nítorí ó mọ̀ pé wọ́n ń ka òun lọ, kò sì lè dìde.

Ọ̀gá ibi yìí ni Julio César Chávez. Ní oṣù Kẹta ọdún 1990 ó bá Meldrick Taylor jà. Taylor yára jù ú lọ, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀ jù. Nínú ìwé adájọ́ méjì nínú mẹ́ta, Taylor ló wà níwájú. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ́ Chávez, bí wọn ò tilẹ̀ pọ̀, ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ojú Taylor wú, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kú. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá méjì kí ìjà parí, adarí ìjà dá a dúró, Chávez borí. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ìdájọ́ yẹn títí di òní. Èmi ò tíì rí ìjà tó fi hàn kedere bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀ṣẹ́ tí èèyàn jẹ ní abala kẹta ṣe lè dúró dè é di abala kejìlá.

Nínú ìwé yín, ẹ kọ iye ìgbà tó gbá orí tó tún gbá ara nínú ẹ̀ẹ̀kan tó ṣí ọwọ́. Ẹ kọ ọwọ́ tó fi gbá a pẹ̀lú. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀tún nìkan ló gbójú lé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ọdún márùn-ún ni Deontay Wilder fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di ìgbànú WBC mú, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ tó ń fúnni ní ìgbànú àgbáyé. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, Tyson Fury, ẹni tó yẹ kó máa sá, ló bẹ̀rẹ̀ sí í lé e sẹ́yìn. Wilder kò mọ bí a ṣe ń jà bí èèyàn bá ń fà sẹ́yìn, abala keje ni àwọn tó wà ní igun rẹ̀ ju aṣọ ìnura wọlé láti dá ìjà dúró.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí

Ọ̀nà ìdáàbòbò kò ju mélòó kan lọ. Ẹsẹ̀ lè gbé e kúrò níbẹ̀. Ó lè yí orí. Ó lè fi ọwọ́, èjìká tàbí ìgúnpá gbà á. Ó sì lè dì mọ́ ẹnìkejì kó má lè na ọwọ́ mọ́. Ẹ wò ó bóyá ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń lò nígbà gbogbo. Ẹni tó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí ọ̀tún ní gbogbo ìgbà, bó ti wù kó yára tó, ẹnìkan ń bọ̀ tó máa ju ẹ̀ṣẹ́ síbi tó máa bẹ̀rẹ̀ sí.

Floyd Mayweather máa ń fi èjìká òsì bo àgbọ̀n, á gbé ọwọ́ òsì sí ìsàlẹ̀ ikùn, ọwọ́ ọ̀tún á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ẹ̀ṣẹ́ bá bọ̀, á yí ara, ẹ̀ṣẹ́ á yọ̀ lórí èjìká, ọ̀tún rẹ̀ á sì ti lọ. Ìjà àádọ́ta ló jà, kò pàdánù ọ̀kan. Pernell Whitaker ní tirẹ̀ kì í gbà á, ńṣe ni kì í sí níbẹ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ débi pé orí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún ẹnìkejì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1993 wọ́n ní òun àti Chávez ta ọ̀mì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wo ìjà náà gbà pé Whitaker borí, èmi náà wà lára wọn. Ẹ wò ó láìgbọ́ ohùn kí ẹ fún abala kọ̀ọ̀kan ní máàkì.

Ohun tí mo fi ń ya ìdáàbòbò tó dára sọ́tọ̀ sí èyí tó pé ni èsì. Ẹni tó sá fún ẹ̀ṣẹ́, tó sì wà níbi tí kò ti lè dá a padà, ẹ̀mí ara rẹ̀ nìkan ló gbà là. Ẹni tó pé máa ń sá sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè dé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: jíjìn, àárín, ìtòsí

Àlàfo mẹ́ta ló wà nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́: ibi tí jab nìkan lè dé, ibi tí ọwọ́ méjèèjì lè dé, àti ibi tí orí fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí. Ẹni tó bá jẹ́ ọ̀gá ní ọ̀kan, tó lè yè é ní kejì, tó sì mọ bí a ṣe ń kúrò ní ìkẹta, ó ti tó. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò wọ́pọ̀.

Ìtòsí ni kò yé àwọn òǹwòran jù. Fún un, ẹ wo Roberto Durán àti Iran Barkley, oṣù Kejì ọdún 1989. Durán jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ìsọ̀rí ìwọ̀n ara àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, ìsọ̀rí 160 pọ́n-ùn ló wà báyìí, Barkley sì ga jù ú lọ dáadáa. Ẹ fojú sí orí Durán. Ní ibi tí kò sí àyè, á gbé orí kúrò ní ìwọ̀n ìka mélòó kan péré, ẹ̀ṣẹ́ ńlá á gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá, òun á sì fi ìgúnpá ti apá Barkley sí ibi tó fẹ́ kó tó gbá a. Ní abala kọkànlá ó gbé e ṣánlẹ̀. Ìgbànú àgbáyé kẹrin rẹ̀ nìyẹn, ní ìsọ̀rí kẹrin.

Ìgbésẹ̀ keje: ìgbà tí nǹkan bá dojú rú

Gbogbo ohun tí mo ti kọ, ìmúra ni. Ibi tí ẹ ó ti mọ ẹni tó pé nìyí, ẹ má kánjú kọjá rẹ̀.

Ẹ mú ìjà tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí abala kọ̀ọ̀kan bá parí, ẹ dá fídíò dúró ní ìṣẹ́jú kan ìsinmi yẹn, kí ẹ kọ ohun tó ń pa á lára. Ṣé ọwọ́ gígùn ni? Ṣé eré ẹsẹ̀ ni? Kí ẹ wá wo abala tó kàn: ṣé ó yí nǹkan kan padà? Ẹ kọ abala tí ìyípadà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó yí padà ní abala kẹta yàtọ̀ sí ẹni tó yí padà ní ìkẹsàn-án, ẹni tó yí padà ní ìkẹsàn-án sì yàtọ̀ pátápátá sí ẹni tí kò yí padà rárá.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2014, Terence Crawford bá Yuriorkis Gamboa jà. Gamboa yára bí àrá. Ní àwọn abala àkọ́kọ́, ó ń wọlé, ó ń jáde, Crawford ń pẹ́ dé. Nígbà tó yá, Crawford yí ìdúró padà, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú bí ọlọ́wọ́ òsì, ó sì dúró síbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ tí Gamboa ti mọ ọ̀nà rẹ̀ wá ń bọ̀ láti ibòmíràn. Abala karùn-ún, Gamboa ṣubú. Ó tún ṣubú ní ìkẹjọ, abala kẹsàn-án ni ìjà parí. Ọ̀pọ̀ ló lè yí ìdúró kí ó dára lójú. Crawford yí i láti dáhùn ìbéèrè kan pàtó.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Ray Leonard àti Thomas Hearns, oṣù Kẹsàn-án ọdún 1981. Leonard ni gbogbo ayé mọ̀ sí oníjó, Hearns ni olóòlù. Ní abala kẹfà àti ìkeje Leonard gbá Hearns débi pé Hearns fi òòlù sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọwọ́ rẹ̀ gígùn láti òkèèrè, ó ń kó abala jọ. Iṣẹ́ wọn ti pààrọ̀. Ojú òsì Leonard ti wú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Lẹ́yìn abala kejìlá, olùkọ́ rẹ̀, Angelo Dundee, sọ fún un pé ìjà náà ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni, ìwé adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fi Hearns síwájú. Leonard jáde ní abala kẹtàlá, kò jó mọ́. Ó rìn wọ inú ẹ̀ṣẹ́ lọ, ó da ẹ̀ṣẹ́ bo Hearns títí Hearns fi bọ́ sáàárín okùn, ní abala kẹrìnlá adarí ìjà dá a dúró. Ẹ wo ẹsẹ̀ Leonard ní ìbẹ̀rẹ̀ abala kẹtàlá yẹn. Kò tíì ju ẹ̀ṣẹ́ kan, ẹ ó ti mọ̀ pé ẹlòmíràn ló jáde láti igun rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: àgbọ̀n, èémí, ọkàn

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Àgbọ̀n tó le dára, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ni, kì í ṣe iṣẹ́. Ẹ má fi ṣe ìdí tí ẹ fi máa gbé èèyàn ga jù. Ohun tó jẹ́ iṣẹ́ ni ohun tó ń ṣe lẹ́yìn tí ẹ̀ṣẹ́ bá ti bà á. Ṣé ó mọ bí a ṣe ń dì mọ́ra? Ṣé ó máa ń lo iye àkókò tí òfin fún un nílẹ̀, àbí ìtìjú á mú un fò dìde? Ní ti èémí, ẹ fi abala kejì wé ìkọkànlá: ṣé ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan?

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ta ló bá jà?

Ìwé tó kún fún ìborí kò sọ nǹkan kan bí ẹ kò bá mọ àwọn tó borí. Ẹ wá ọjọ́ orí wọn nígbà ìjà náà, ìwọ̀n ara tí wọ́n sábà máa ń jà, àti ohun tí wọ́n ṣe ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń dájọ́. Adájọ́ mẹ́ta ló ń wò. Ẹni tó borí abala gba 10, ẹnìkejì sábà máa ń gba 9, bí ó bá ṣubú 8. Ẹ̀ṣẹ́ tó wọlé gaara ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà ìkọlù tó so èso, ìdáàbòbò, àti ẹni tó ń darí ibi tí ìjà ti ń wáyé. Ẹ dá abala kọ̀ọ̀kan lẹ́jọ́ fúnra yín kí ẹ tó wo tiwọn.

Ìwé tèmi

Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ akànṣẹ́. Bí mo ṣe tò wọ́n nìyí, pípé ni mo fi tò ó, kì í ṣe òkìkí.

Robinson ni àkọ́kọ́, n kò sì rí ẹni tó sún mọ́ ọn. Ó lè jà ní iwájú, ó lè jà bó ṣe ń fà sẹ́yìn, ọwọ́ méjèèjì ló ń pani. Ìgbà mẹ́fà ló bá Jake LaMotta jà, ó borí ìgbà márùn-ún, bẹ́ẹ̀ LaMotta ló wúwo jù nínú wọn. Ìgbà márùn-ún ló gba ìgbànú ìsọ̀rí 160 pọ́n-ùn lẹ́yìn tó ti jẹ ọba ìsọ̀rí 147.

Durán ni èkejì. Mo mọ̀ pé ó kọ̀ láti jà mọ́ níwájú Leonard ní oṣù Kọkànlá ọdún 1980, ọjọ́ yẹn wà nínú ìwé mi. Ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún ṣáájú rẹ̀ ló ti borí Leonard kan náà, ohun tó sì ṣe sí Barkley lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ní ọ̀nà kan.

Ẹ̀kẹta lè ya àwọn kan lẹ́nu: Ezzard Charles. Wọ́n máa ń rántí rẹ̀ pé Rocky Marciano lù ú, wọ́n sì gbàgbé pé ó borí Archie Moore lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín 1946 sí 1948, tó tún borí Joe Louis ní 1950 bó tilẹ̀ jẹ́ pé Louis wúwo jù ú lọ fíìfíì. Ó mọ ìtòsí, ó mọ òkèèrè, ó mọ ara gbá.

Leonard tẹ̀lé e, nítorí abala kẹtàlá yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Crawford, ẹni tó kó gbogbo ìgbànú jọ ní ìsọ̀rí mẹ́ta, tó sì borí Canelo Álvarez ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 lẹ́yìn tó fo ìsọ̀rí méjì gòkè. Usyk wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: nígbà tó bá Fury jà ní Riyadh ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Fury ń fìyà jẹ ẹ́ ní àárín ìjà, pàápàá ní ara. Usyk rí ọ̀nà ọwọ́ òsì rẹ̀ ní abala kẹjọ, ní ìkẹsàn-án okùn ni kò jẹ́ kí Fury ṣubú pátápátá. Mayweather, Whitaker àti Hopkins wà nísàlẹ̀ wọn díẹ̀. Ti Whitaker, agbára ẹ̀ṣẹ́ ló kù. Ti Mayweather, mo fẹ́ kó ti ju ẹ̀ṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Muhammad Ali kò sí lára àwọn mẹ́fà àkọ́kọ́, ó sì dùn mí láti kọ ọ́. Kò sí ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún jù ú lọ. Àmọ́ ó máa ń fa orí sẹ́yìn gbọọrọ, ọwọ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kì í sì í gbá ara. Eré ẹsẹ̀ ló bo àṣìṣe yẹn. Nígbà tí eré náà lọ, ọgbọ́n àti ọkàn rẹ̀ ló gbé e dé Kinshasa ní 1974, níbi tó ti fara ti okùn títí George Foreman fi rẹ̀. Nínú ìgbésẹ̀ keje, kò sí ẹni tó jù ú lọ. Nínú ìkẹrin, ọ̀pọ̀ ló jù ú.

Dick Tiger yẹ ní dídárúkọ, ẹni tó gba ìgbànú lọ́wọ́ Fullmer ní 1962, tó tún gòkè lọ gba ti ìsọ̀rí 175 pọ́n-ùn lọ́wọ́ José Torres ní 1966 pẹ̀lú gíga tí kò tó nǹkan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yára, ìyẹn ló dá a dúró. Láàárín àwọn obìnrin, Claressa Shields ni mo fi ṣáájú, wúrà Òlíńpíìkì méjì àti gbogbo ìgbànú ní ìsọ̀rí mẹ́ta. Katie Taylor tẹ̀lé e, nítorí bó ṣe jìjàdù jáde nínú ewu ní abala karùn-ún ìjà àkọ́kọ́ òun àti Amanda Serrano ní 2022.

Ó ku Naoya Inoue. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ní Tokyo, Luis Nery gbé e ṣánlẹ̀ ní abala àkọ́kọ́, ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣubú láti ìgbà tó ti ń jà. Inoue kò fò dìde. Ó fi orúnkún kan lélẹ̀, ó ń wo adarí ìjà, ó dúró dé ẹẹ́jọ kó tó gbéra. Ní abala kejì ó gbé Nery ṣánlẹ̀, ní ìkarùn-ún ó tún ṣe é, ní ìkẹfà ó parí rẹ̀. Ó ṣì ń jà, n kò sì tíì rí ẹni tó dí gbogbo ọ̀nà rẹ̀ mọ́ ọn kí n lè wo ohun tó máa ṣe. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé mi. Pẹ́ńsùlù ni mo fi kọ ọ́.